Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìró Kọ́ Ṣinṣílà Lẹ́kọ̀ọ́ Nílé

Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń gbé ní London tàbí Houston, ó lè ti fi àwòrán ẹranko kékeré kan ránṣẹ́ sí yín rí. Àwọ̀ eérú ni ẹranko náà ní, etí rẹ̀ fẹ̀, irunmú rẹ̀ gùn, irun ara rẹ̀ sì ki débi pé ojú kò lè rí awọ rẹ̀. Ṣinṣílà ni. Wọn kì í sìn ín láti pa á jẹ, kì í sì í ṣọ́lé. Wọ́n ń sìn ín nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni bí ẹranko olójora bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí àtẹ́lẹwọ́ olówó rẹ̀, tí á sì gun òṣùwọ̀n láìsí pé ẹnikẹ́ni dì í mú. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká jọ tú ẹ̀kọ́ náà palẹ̀, nítorí ó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí a fẹ́ kọ́. Ilé ṣinṣílà gan-an ni àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, pàápàá ní orílẹ̀-èdè Chile. Òtútù ibẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ. Nítorí òtútù yẹn ni irun rẹ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀: láti inú ihò kan ṣoṣo tí irun kan ti ń hù lára tiwa, irun tó lé ní 50 ló ń hù lára tirẹ̀. Irun yìí náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run ìran rẹ̀, torí àwọn oníṣòwò awọ ẹran ń fi í ṣe ẹ̀wù olówó ńlá, àwọn ọdẹ sì dẹ ẹ́ títí tí kò fi kù ju ìwọ̀nba lọ nínú igbó. Ní 1923, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ìwakùsà ní Chile, Mathias Chapman, kó 11 nínú wọn lọ sí California. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ṣinṣílà tó wà nínú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà lónìí, ìran àwọn 11 yẹn ni wọ́n. Ajá ti bá ọmọ ènìyàn gbé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ṣinṣílà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Nínú ọkàn rẹ̀, ẹran igbó ló ṣì jẹ́.

Ẹran igbó tí àwọn mìíràn ń pa jẹ ni pẹ̀lú. Àṣá àti òwìwí máa ń já lé e láti òkè, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń lúgọ dè é nílẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ yín tó ń bọ̀ láti òkè àgò, àṣá ni lójú rẹ̀. Bí ẹ bá gbá a mú tipátipá, á tú irun ibi tí ẹ dì mú sílẹ̀ wìì, á sì sá lọ, irun á kún ọwọ́ yín, ibi tó pá náà á sì tó oṣù mélòó kan kó tó hù padà. Egungun ìhà rẹ̀ kò lágbára; ẹni tó bá fún un láyà lè ṣe é léṣe gidi. Abo mìíràn tilẹ̀ máa ń dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kó tu ìtọ̀ sí onítọ̀hún lára. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ: agbára kò ṣiṣẹ́ níbí. Àfi kó fẹ́ wá fúnra rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń lò láti jẹ́ kó fẹ́ ni kílíkà. Oníke kékeré ni, kò ju àtàǹpàkò lọ, irin pẹlẹbẹ kan sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á ró "kẹ́". Ẹ fi í sílẹ̀, á tún ró "kẹ́". Kò ní oògùn nínú, kò ní bátìrì. Ìró yẹn kò jẹ́ nǹkan kan fún ẹranko ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Oúnjẹ tó ń tẹ̀ lé e ló ń sọ ọ́ di nǹkan.

Ẹ wo adìẹ ilé. Ìyá tó ń sin adìẹ á gbọn agolo kó tó da àgbàdo sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, adìẹ kò mọ ohun tí agolo ń wí. Láìpẹ́, bí agolo bá ti dún, gbogbo wọn á ti sáré dé kí hóró kan tó kan ilẹ̀. Ìró ti di àgbàdo létí wọn. Ìdajì ọ̀rọ̀ kílíkà nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé agolo ń pe adìẹ wá jẹun ni, ṣùgbọ́n kílíkà kì í pe ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ fún ẹranko ni pé: "Èyí tí o ṣe báyìí gan-an, òun ni mo máa san owó rẹ̀."

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí a ò kàn fún un lóúnjẹ nígbà tó bá ṣe dáadáa? Nítorí pé ọwọ́ wa kò yá tó ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ kí ṣinṣílà gbé ẹsẹ̀ lé òṣùwọ̀n. Ó gbé e lé e. Kí ẹ tó na oúnjẹ dé ẹnu rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó ti họ etí, ó ti yíjú sẹ́yìn. Ewo nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ san owó fún? Lójú tirẹ̀, etí tó họ ni. Ẹranko kì í ronú padà sẹ́yìn lọ wá ohun tó fa oúnjẹ; èyí tó ṣe kẹ́yìn ló ń dì mú. Ìró "kẹ́" kúrú, ó sì yára. Ó lè bọ́ sí àkókò náà gan-an tí àtẹ́lẹsẹ̀ kan òṣùwọ̀n, oúnjẹ á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ láìsí ìpalára.

Ṣé ẹnu kò tó ni, ká máa wí pé "ó káre"? Ẹnu lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹnu wa kì í dúró sójú kan. Bí ó ti rẹ̀ wá ni ohùn wa ń rí, bí inú ṣe dùn ló ń ga, ọ̀rọ̀ kan náà la sì fi ń bá àwọn ọmọ inú ilé sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kílíkà kì í bínú, kì í sì í gbé ohùn sókè. Bákan náà ló ń dún lọ́wọ́ bàbá, lọ́wọ́ ìyá àti lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ bí a bá bèèrè orísun ọgbọ́n yìí ni B. F. Skinner, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tó fi ẹyẹlé àti eku ṣe ìwádìí. Ní 1951, ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Scientific American láti fi han àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ bí wọ́n ṣe lè kọ́ ẹranko nílé, ohun ìṣeré ọmọdé tó ń ró kẹ́ yìí sì wà nínú ohun tó ní kí wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ibi tó wú mi lórí jù nínú ìtàn náà ni ti Karen Pryor, obìnrin tó kọ́ dolphin lẹ́kọ̀ọ́ ní Hawaii láàárín ọdún 1960 sí 1970. Ẹ rò ó wò. Dolphin ò ṣeé so lókùn. Ẹ ò lè nà án, ẹ ò sì lè fà á. Bí ó bá bínú, á wẹ̀ lọ sí òdìkejì adágún, á fi yín sílẹ̀ níbẹ̀. Fèrè àti ẹja ni Pryor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò. Ó gbé ọgbọ́n náà sínú ìwé rẹ̀, Don't Shoot the Dog, ní 1984, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1990 sókè, àwọn alájà ti mú kílíkà lọ́wọ́. Lára ẹranko tí kò ṣeé fipá mú ni ọgbọ́n yìí ti gbó, ìdí sì nìyẹn tó fi bá ṣinṣílà mu rẹ́gí.

Bí ẹ bá ń rò pé dolphin lọ́pọlọ ṣùgbọ́n eku kò ní, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Morogoro ní orílẹ̀-èdè Tanzania. Ṣinṣílà àti òkété jọ wà nínú ìran ńlá àwọn ẹran tó ń fi eyín iwájú gé nǹkan jẹ, òkété tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, tó ń da iṣu àti ẹ̀gẹ́ láàmú lóko. Ní Morogoro, ní ọgbà yunifásítì ìmọ̀ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sokoine, àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ń fi kílíkà kọ́ òkété. Bart Weetjens, ará Belgium, ló dá a sílẹ̀ ní 1997. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ òkété. Ìró kẹ́, lẹ́yìn náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀pà. Nígbà tí ìró bá ti wọ̀ ọ́ létí, wọ́n á gbé òórùn ohun abúgbàù síwájú rẹ̀, kẹ́ á sì dún kìkì ìgbà tó bá fi imú dúró lórí òórùn yẹn. Oṣù bíi mẹ́sàn-án ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Lẹ́yìn rẹ̀, òkété á wọ pápá tí ogun ti rì àdó olóró mọ́lẹ̀, á máa gbóòórùn, bí ó bá sì rí ọ̀kan, á họ ilẹ̀ ibẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́, àdó náà kì í bú nítorí rẹ̀.

Magawa ni orúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Orílẹ̀-èdè Cambodia ló ti ṣiṣẹ́, ó sì rí àdó àti ohun abúgbàù tó lé ní 100 kó tó fẹ̀yìn tì ní 2021. Ní 2020, PDSA, àjọ tó ń tọ́jú ẹranko ní ilẹ̀ Britain, fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá, eku àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún ní irú rẹ̀. Àwọn òkété mìíràn ní Morogoro ń gbóòórùn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti wá àwọn tó ní ikọ́ fée, wọ́n sì ń rí àwọn aláìsàn tí àyẹ̀wò ilé ìwòsàn fò dá. Ọgbọ́n tó gbé wọn débẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ yín á fi kọ́ ṣinṣílà nínú yàrá rẹ̀ ní London.

Ó yá, ká bọ́ sí ilé. Alẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Ṣinṣílà máa ń sùn lọ́sàn-án, á jí nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹni tó bá jí i lọ́sàn-án kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ilé dákẹ́. Kí iṣẹ́ náà má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ti oúnjẹ gba ìṣọ́ra. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa fún un ní àjàrà gbígbẹ tàbí ẹ̀pà torí ó máa ń fi ìwọra jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò wà fún ṣúgà àti ọ̀rá. Koríko gbígbẹ líle ni wọ́n dá ikùn rẹ̀ fún, kò sì lè bì. Ohun tó bá wọlé tí kò bá a lára mu, inú rẹ̀ ló máa wú sí. Ẹyọ óòtì gbígbẹ kan, èyí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń se ọ̀gì àárọ̀ nílùú òyìnbó, tó fún kẹ́ kan. Kí gbogbo óòtì tó jẹ lálẹ́ kan má kún ṣíbí tíì. Ẹ má sì fi ebi pa á kó lè ṣiṣẹ́. Koríko gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí ikùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró.

Ti ìró náà gba ìṣọ́ra. Etí ṣinṣílà mú, àwọn onímọ̀ sì ti ń lò ó tipẹ́ láti ṣèwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ràn, nítorí ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ sún mọ́ tiwa. Kílíkà tí ajá ò kà sí, ìbọn ni létí rẹ̀. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wé e, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú àpò. Báírò tó ń ró kẹ́ nígbà tí a bá tẹ ìdí rẹ̀ tilẹ̀ dára jù, kò náni ní nǹkan, ìró rẹ̀ sì tutù.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, kí orí yín má ga jù ú lọ púpọ̀. Kẹ́, lẹ́yìn náà óòtì. Ẹ dúró díẹ̀. Kẹ́, óòtì. Ẹ má na ọwọ́ tó mú oúnjẹ kí ìró tó dún, torí ọwọ́ ló máa wò, kò ní fetí sí ìró. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti yé e nígbà tó bá ń ṣe nǹkan mìíràn, tí kẹ́ dún, tó sì yíjú sí ọwọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Ṣinṣílà kan lè mọ̀ ọ́n lálẹ́ kan, òmíràn lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Kò burú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú igi tín-ín-rín, irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun. Ẹ nà án wọ inú àgò, kó ku bí ìka mẹ́rin kó kan imú rẹ̀, kí ẹ sì dúró. Ẹ má fi gún un, ẹ má fi lé e. Ẹranko yìí fẹ́ràn láti máa tọpinpin nǹkan. Irunmú rẹ̀ á ṣí síwájú, ọrùn rẹ̀ á gùn, imú rẹ̀ á máa mì. Á kan igi. Kẹ́! Ní àkókò yẹn gan-an, kì í ṣe kó tó kàn án, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti fà sẹ́yìn. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé ṣinṣílà fẹ́ràn igi í jẹ. Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀, eyín ló máa fi kí igi, ẹ sì ti san owó fún jíjẹ. Nítorí náà, imú ni kí ẹ máa wò, kí ẹnu tó là.

Nígbà tí igi bá ti yé e, ẹ ti ní ohun tí ẹ ó fi darí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ gbé igi sí ọ̀tún, á lọ. Ẹ gbé e sórí pákó òkè, á fò lé e. Ẹ wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ nínú àgò, kí igi wà ní òdìkejì, kó jẹ́ pé àfi kó gba orí ọwọ́ yín kọjá. Á kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan. Kẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, méjèèjì. Lọ́jọ́ mìíràn, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ó sì rí i pé ó fúyẹ́ ju bó ṣe rí lójú lọ. Irun ló pọ̀ níbẹ̀. Ìka yín á fẹ́ pa dé mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kó pa dé. Ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn bá dì í mú ni yóò mọ̀ pé pańpẹ́ ni, ẹ ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni gbogbo èyí wà fún? Àwọn kan ń kọ́ ọ ní eré, kó yí po, kó fò gba inú òrùka kọjá. Ó dára, ara rẹ̀ ń fẹ́ eré. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n ni èrè tó tóbi jù. Eyín ṣinṣílà kì í yé hù títí tó fi máa kú. Bí kò bá rí koríko lọ̀ ọ́ dáadáa, eyín á gùn, gbòǹgbò rẹ̀ á máa ti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, á máa dùn ún, á sì dín oúnjẹ kù. Nínú igbó, ẹran tó bá fi àìsàn hàn ló máa kọ́kọ́ di ìjẹ, nítorí náà kì í fi hàn. Irun rẹ̀ tó ki á sì bo gbígbẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú kò ní rí i; òṣùwọ̀n á rí i. Àgbà ṣinṣílà sábà máa ń wọ̀n tó gíráàmù 400 sí 600, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì rí i pé ó ń lọ sílẹ̀ léraléra, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko láìdúró. Ẹni tó ní láti lé e kiri yàrá kó tó mú un, kò ní máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òṣùwọ̀n nítorí ẹyọ óòtì kan, á máa ṣe é.

Mo mọ àwọn ìbéèrè tó kù lọ́kàn yín. Bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ kílíkà ńkọ́? Ẹ san án. Kẹ́ tó bá ti dún ti di gbèsè, torí ọjọ́ tí ìró bá ń dún tí oúnjẹ ò wá, ìró náà á padà di ariwo lásán. Ṣé títí ayé ni ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́? Rárá. Ẹ̀kọ́ tuntun ni kílíkà wà fún. Ohun tó bá ti mọ̀ dunjú, ẹ lè fi orúkọ pè é, kí ẹ sì máa fún un ní nǹkan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń gé irin àgò jẹ ńkọ́? Ẹ má lù ú, ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì fún un lóúnjẹ kó lè dákẹ́, torí ẹ ti kọ́ ọ pé irin jíjẹ ń mú oúnjẹ wá nìyẹn. Ẹ fún un ní igi tó ṣeé jẹ. Bí ó bá kọ̀ tí kò wá lálẹ́ kan, ẹ gbé irinṣẹ́ yín kúrò, ó dọ̀la. Ẹ̀tọ́ láti kọ̀ yẹn ló jẹ́ kó máa wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè ṣaláì sọ fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé níbí, ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Kútọnu. Ooru máa ń pa ṣinṣílà. Bí yàrá bá ti kọjá 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti ń wọnú ewu, torí kò lè làágùn, kò sì lè bọ́ irun rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún un tọ̀sán-tòru, ó sì lè lo ọdún 15 láyé, kódà 20. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìyà ló máa jẹ ẹ́. Ẹ má rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò nílò ṣinṣílà. Marian àti Bob Bailey, tọkọtaya tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹranko fún iṣẹ́ ní Arkansas, fi adìẹ kọ́ àwọn olùkọ́ ẹranko níṣẹ́, nítorí adìẹ yára, ó sì máa ń fi hàn yín lójú ẹsẹ̀ bí ìró yín bá pẹ́ jù. Báírò wà nínú àpò yín, àgbàdo sì wà nínú agolo. Ẹ gé páálí pupa kan ní róbótó, ẹ gbé e sílẹ̀ níwájú adìẹ tí kì í sá fún yín, kí ẹ sì máa wo ẹnu rẹ̀.